Òkè Tó Wà Láàrin Pápá Bàálù Méjì

Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ ni èèyàn, ìkòkò ẹ̀gẹ́ kò ní tíì hó tí yóò fi ti pápá bàálù Savusavu dé ti Labasa. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe ẹyẹ, kò sì sí bàálù tó ń ti ọ̀kan lọ sí èkejì, nítorí erékùṣù kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Òkè ló dábùú àárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò wọ mọ́tò, yóò gun òkè Waisali nínú kùrukùru, yóò sọ̀ kalẹ̀ gba inú igbó páìnì Seaqaqa, kó tó rí oko ìrèké tó yí pápá Labasa ká. Wákàtí kan ààbọ̀ ni bí òjò kò bá rọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ibẹ̀ kì í sinmi.

Ulamila tó ń wa takisí mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dárí ji èèyàn. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, kì í wọ̀ ọ́ létí.

Kaminieli ni kò dárí jì. Tauvu rẹ̀ sì ni. Baba ńlá kan náà ló ṣẹ̀ ìlú Ulamila àti ìlú Kaminieli sílẹ̀ láyé àtijọ́, ohun tó sì sọ wọ́n di tauvu ara wọn nìyẹn. Tauvu ẹni lè bú ẹni láàrin ọjà. Ó lè wọ ilé ẹni kó fa ẹlẹ́dẹ̀ ẹni jáde, kó máa lọ, kò sì ní tọrọ. Èèyàn kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ̀rín ló gbọdọ̀ rín, nítorí ẹni tó bá bínú sí tauvu ti dójú ti gbogbo ará ìlú rẹ̀. Láàrin tauvu kò sí "ẹ̀yin", kò sí "ẹ jọ̀ọ́". Bí ọ̀kan tilẹ̀ dàgbà tó bàbá èkejì, "ìwọ" ni wọ́n jọ ń pe ara wọn. Àṣà náà dùn gan-an, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà lọ.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá Ulamila wà lórí àìsàn ní ilé ìwòsàn ní Suva, ní erékùṣù kejì. Àbúrò rẹ̀ pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó wá lónìí, kó má jẹ́ kó dọ̀la. Ó ra àyè nínú bàálù ọ̀sán ní Savusavu, kò sì sọ ohun tó ń lé e fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe gbé báàgì sínú takisí rẹ̀, tó wà á jáde, Kaminieli ló pàdé níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.

"Tauvu, níbo lò ń sáré lọ? Bàálù Savusavu kọ́? Omi ti bo ilẹ̀ níbẹ̀ o! Labasa ni wọ́n kó gbogbo èrò lọ. Tètè, kí wọ́n má fi ọ́ sílẹ̀!"

Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ dáadáa lásìkò òjò, kò sí ọmọ erékùṣù náà tó máa gbọ́ ọ tí kò ní gbà á gbọ́. Ulamila yí mọ́tò padà, ó fi eré gun òkè. Nígbà tó dé Labasa, pápá ṣófo. Bàálù ti bà sí Savusavu ní tirẹ̀, ó ti kó èrò, ó ti lọ. Ìyá rẹ̀ kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé títí tí ohùn fi wọlẹ̀, "Ula dà?" ni mọ́mì ń béèrè.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, tí wọ́n jókòó ti agbada kava, omi egbò tí wọ́n jọ ń mu, àwọn ará ìlú Kaminieli wá ṣe àwàdà wọn, nítorí tauvu ló ń pa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín. Kaminieli sọ bó ṣe rán tauvu rẹ̀ lọ kí ìrèké ní Labasa. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ulamila náà rẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń sọ pé ọjọ́ rẹ ń bọ̀, ọkùnrin yìí, ọjọ́ rẹ ń bọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò kánjú. Bí Kaminieli bá wọ takisí rẹ̀, a gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ bí tauvu ṣe ń ṣe. Bó bá bú u, a bú u padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun sì ń fi ẹ̀sọ̀ mú Kaminieli.

Ó wá di oṣù Kérésì ọdún yìí. Níbi tó ti ń ra ẹja lọ́jà ló ti gbọ́ pé Vilimaina, ọmọ kan ṣoṣo tí Kaminieli bí, ti wọ iṣẹ́ sójà ní ìlú ọba, pé lọ́la ló máa wọ bàálù ńlá ní Nadi ní erékùṣù kejì, àti pé bàbá rẹ̀ máa wọ bàálù ọ̀sán ní Savusavu lọ dágbére fún un. Ulamila san owó ẹja, kò dúró gba ṣéńjì. Ó wọ inú mọ́tò, ó pe Roshni, ọmọbìnrin tó ń jókòó sí kántà ní pápá Labasa.

"Roshni, ṣé ẹ ṣì ní àyè nínú bàálù Nadi lọ́la?"

"Áà, àǹtí, kò sí o. Kérésì mà ti dé. Bí ẹ bá ní ẹ máa dúró lórí ìyẹ́ rẹ̀, àwọn kan ti sanwó ibẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ulamila wí, ó sì dáa lóòótọ́. Kaminieli máa rí bàálù lójú ara rẹ̀, kò sì ní lè wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá. Ulamila lọ gbé takisí rẹ̀ sí ìyànà ìlú Kaminieli, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà yọ, ó wọ sulu, ìró ọkùnrin tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ẹní tí wọ́n ká sórí èjìká, ó fi ìdì egbò kava sí abíyá.

"Tauvu olórí àgbọn!" ni Kaminieli kígbe. "Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni mo jí, tí Ọlọ́run fi rán irú ìwọ sí mi láàárọ̀?"

"Wọlé, arúgbó eku. Níbo lò ń lọ tí o fi rántí wẹ̀ lónìí?"

"Pápá bàálù. Ọ̀fẹ́ ni mo sì ń wọ̀, má wulẹ̀ yanu."

"Pápá wo? Wọn ò tíì sọ fún ọ ni? Omi ti bo Savusavu. Labasa ni wọ́n ní kí gbogbo èrò lọ."

Kaminieli dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí àpò ṣẹ́ẹ̀tì níbi tí fóònù rẹ̀ wà. Ó wo ojú Ulamila, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ẹní bọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó sì jókòó síwájú.

"Ó dáa. Labasa náà ni. Wà á lọ."

Ulamila ti ro oríṣiríṣi irọ́ tó máa fi gbe èkíní lẹ́sẹ̀ bí ọkùnrin náà bá ń jiyàn. Kò rí wọn lò. Ó yà sí ọ̀nà òkè.

Wọn ò tíì jìnnà tí Kaminieli ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eébú àti ẹja ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá Vili ti kú, èmi ni mò ń di irun fún un. Mi ò mọ irun dì. Bí ìtẹ́ ẹyẹ ló ṣe máa ń gbé e lọ sílé ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á máa wá ẹyin nínú ẹ̀."

"Orí ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti di pápá bàálù, kò ní irun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ó pè mí lálẹ́ àná. Ó ní, 'Tata, ẹ wá o. Bí mi ò bá fojú rí yín, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi wọ ọkọ̀ yẹn.' Sójà mà ni o. Wọn ò tíì sọ ìgbà tí wọ́n máa jẹ́ kó wálé."

Ulamila tẹjú mọ́ ọ̀nà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń korò. Kò rò ó rí pé ọmọ náà ń dúró de bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ẹsẹ̀ tẹ mọ́tò.

Lórí òkè Waisali, ibi tí gbogbo awakọ̀ ti máa ń dúró kí ẹ́ńjìnnì mí, ó dúró. Kaminieli bọ́ọ́lẹ̀. Ó lọ dúró sí etí ọ̀nà, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá. Àkókò ṣì wà. Bí wọ́n bá yí padà lójú ẹsẹ̀, Kaminieli máa dé Savusavu nígbà tí bàálù bá ń balẹ̀.

"Tauvu," ló pè é, kò yíjú. "O gbọ́ ọ dáadáa pé Labasa ni?"

"Mo gbọ́ ọ dáadáa."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ikú."

Kaminieli mi orí, ó padà wọlé. Ọwọ́ Ulamila wà lórí sítíárìn. Ó ń rí ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé ìtẹ́ ẹyẹ sórí, tó ń lọ sílé ìwé. Ó tún rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ta ló ṣàánú òun? Ó fi mọ́tò sí jíà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Labasa.

Pápá Labasa kún bí ọjà. Bàálù Nadi wà nílẹ̀, wọ́n ń kó ẹrù sí i. Kaminieli gbé ẹní rẹ̀ lọ sí kántà. Ulamila tẹ̀ lé e, ó fẹ̀yìn ti ògiri níbi tó ti lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ìdí tó fi gbé e wá nìyẹn, ojú yẹn.

Roshni wo inú kọ̀ǹpútà. "Bàbá, orúkọ yín ò sí níbí o. Savusavu lẹ ti máa wọ̀. Tibẹ̀ yẹn á ti fẹ́ gbéra báyìí."

"Omi ò bo ibẹ̀?"

"Omi wo, bàbá?"

Kaminieli gbé ẹní sílẹ̀. Ó yíjú sí Ulamila, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó pa mí! Tauvu mi pa mí o! Ẹ wá wo òmùgọ̀ tó gun òkè wá wo ìrèké!"

Gbogbo èrò ló bá a rín in. Àwọn Íńdíà àgbẹ̀ ìrèké rín in. Isikeli, ọ̀gá ilé ìwé tó wá láti ìlú Kaminieli, tó ń tò láti wọ bàálù pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níwájú, rín in débi pé ó di ògiri mú. "Ẹ̀gbọ́n Kaminieli, obìnrin yìí ti gbẹ̀san! Labasa fún Labasa!"

Ara Ulamila tutù. Ó wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwàdà ló dà. Láàrin ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n máa sọ ọ́ nídìí kava láti Savusavu dé Udu ní ìpẹ̀kun erékùṣù, wọ́n á so ó mọ́ ti ọjọ́sí, ikú ìyá rẹ̀ á wá di ìdajì ìtàn apanilẹ́rìn-ín. Ó já wọ inú wọn, ó di apá Kaminieli mú, ó wọ́ ọ jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà.

"Dákẹ́ ẹ̀rín! Mi ò bá ọ ṣeré! Mo fẹ́ kó dùn ọ́ ni. Ìyá mi ń pè mí, ó ń kú lọ, èmi dúró síbí, ibi tí ìwọ dúró sí yìí gan-an, mò ń wo ìrèké. Mo kórìíra ẹ, Kaminieli. Gbogbo ẹ̀rín tí mo bá ọ rín láti ọjọ́ yẹn, ìkórìíra ni."

Ó ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde rí láàrin ìlú méjèèjì. Kò sì kábàámọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Kaminieli. "Mo mọ̀," ló wí.

"Kí lo mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Mo rò pé ọjà lò ń lọ ná ní Suva. Nígbà tí mo gbọ́, mo gbé eyín àbùùbùtán tá a fi ń bẹ̀bẹ̀ lọ bá àwọn àgbà wa pé kí wọ́n sìn mí wá bẹ̀ ọ́. Wọ́n lé mi. Wọ́n ní tauvu kì í bẹ tauvu, pé bí mo bá bẹ̀ ọ́, mo ti sọ pé a kì í ṣe ọ̀kan mọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nídìí kava nìyẹn. Ojú ẹ ni mò ń wò. Mo ní o máa bú sẹ́kún, o máa da kava yẹn sí mi lórí, a ó sì mọ ibi tá a wà. O rẹ́rìn-ín."

"Kí ni mi ò bá ṣe?"

"Kò sí." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Àna mi ló ń ṣiṣẹ́ ní pápá Savusavu. Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ó ní ilẹ̀ gbẹ, bàálù ń bọ̀. Fóònù yẹn ò tíì tutù lápò mi nígbà tí o sọ fún mi pé omi ti bo ibẹ̀."

Ulamila wò ó. "O mọ̀, o sì wọ mọ́tò?"

"Mo ní ọjọ́ ẹ ló dé. Mo ní kí o gbà á, kí àwa méjèèjì sinmi. Mo sì rò pé o máa yí padà lórí òkè. Kí lo rò pé mò ń sọ̀rọ̀ Vili fún ọ fún?"

"Mi ò yí padà."

"O ò yí padà." Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò nù ún. "Ó dùn mí. Bó bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ó dùn mí wọ egungun."

Ká má purọ́, ó dùn mọ́ Ulamila nínú. Ó dùn mọ́ ọn bí omi tútù lẹ́yìn oko. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé e mì tán tí ìbínú mìíràn dé, ìbínú tó le ju ti àtijọ́ lọ. Ọkùnrin yìí ti jà á lólè! Ẹ̀san tí òun fi ọdún mẹ́rin sè, ó wọlé, kò tọrọ, ó gbé e jẹ bí oògùn. Ó fẹ́ fi san ohun tó ṣe, kó lọ sílé, kó sùn. Kó sùn kẹ̀! Òun tí kò sùn láti ọjọ́ yẹn ńkọ́?

"Rárá," ló wí. "Kò ní rí bẹ́ẹ̀. O ò ní bọ́ báyẹn."

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọlé. Wọ́n ti ń pe èrò. Ó lọ bá Isikeli lórí ìlà.

"Isikeli, ikùn ládugbó, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

"Ìwé tí mo fẹ́ fi wọ bàálù ni. Kí ló—"

Ulamila ti já a gbà. "Ó ti di tèmi. Tauvu ẹ ló gbà á."

Ẹnu Isikeli là sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró dè é ní Nadi, ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nínú ààrò ilẹ̀. Bó bá ṣe pé Kaminieli ló wá bẹ̀ ẹ́, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi sùúrù ro ó, bàálù á sì ti lọ. Ṣùgbọ́n tauvu kì í bẹ̀bẹ̀, tauvu kì í ro. Gbogbo ojú ló ń wò ó. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

"Gbé e lọ, olè! Gbé e lọ! Ọlọ́run á dá ọ lẹ́jọ́!"

"Àǹtí," ni Roshni wí, "ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ ọ̀gá ló wà níbẹ̀."

"Pa á rẹ́. Kọ Kaminieli. Èyí fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, awakọ̀ yín á dúpẹ́."

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Roshni wo Isikeli. "Ṣé ẹ yọ̀ǹda, ọ̀gá?"

"Ọmọ yìí, ṣé o rí ẹnu tí mo lè fi sọ pé rárá ni?"

Labasa ni wọ́n bí Roshni sí, ó mọ ohun tí tauvu jẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì yí orúkọ náà padà.

Ulamila gbé ẹní, ó gbé ìdì kava, ó kó wọn lé Kaminieli lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwé náà lé e. Ọkùnrin náà wo ìwé náà. "Ula—"

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ wo ọmọ ẹ. Mi ò dárí jì ọ́, o gbọ́? Tòní yìí, kò sí lára ẹ̀san mi. O máa padà wálé, o máa máa jẹun, o máa máa wọ mọ́tò mi, o ò sì ní mọ ọjọ́ tí mo máa dé."

Kaminieli wò ó títí. "Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ," ló wí.

"Mo mọ̀. Ó yá, lọ."

Ó gbé ẹní lé èjìká, ó rìn lọ sídìí bàálù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ulamila dúró títí bàálù fi gbéra lórí ìrèké. Nígbà tó yíjú, Isikeli wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì.

"Ta ló máa wá gbé mi lọ sílé báyìí, olè?"

"Wọlé. O máa sanwó."

"Tauvu kì í sanwó fún—"

"Mo ní o máa sanwó."

Isikeli wọlé, ó sì sanwó. Kí wọ́n tó dé Seaqaqa, ó béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n Kaminieli ṣe fún un gan-an, Ulamila fi kún eré. Ó ń wá ohun tó máa ṣe fún ọkùnrin náà tó máa dùn ún ju pé kó má rí ọmọ rẹ̀ lọ. Ó wá a gba inú igbó páìnì kọjá, ó wá a gun òkè Waisali, kò rí. Ẹ̀rù bà á díẹ̀ pé bóyá kò sí. Ó dín eré kù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.